Ìpín Báǹkì: Ọ̀pọ̀ Ni Tàbí Ọ̀wọ́n?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, Kabala Doki, Kaduna)

  

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní bí a bá kó owó gbọ̀ngàn yìí jọ tán, kí a fi ra ìpín báǹkì, kí ó máa bí sí i kí a tó gbé ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n ní iye tí a ń ta ìpín àwọn báǹkì kan kéré sí iye tí ìwé ìṣirò báǹkì náà fúnra rẹ̀ fi fún un, àti pé ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà. Àwọn kejì ní tẹ́tẹ́ ni ìpín báǹkì, àwọn kò sì ní fi owó ẹgbẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ìgbìmọ̀ wá ní kí n la ọ̀rọ̀ náà yé wa lónìí.

Ìdí tí wọ́n fi yan èmi kò pamọ́. Mo ṣe akọ̀wé ìṣirò owó fún ọdún 30 ní ìlú yìí, mo sì pàdánù owó nínú ìpín báǹkì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tí ó jẹ́ Gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan di bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 ni tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 ni ó wà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, 25 ni ó kù. Kí wọ́n lè rí owó náà kó jọ, àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín fún tọmọdé tàgbà. Ẹ ó rántí bí fọ́ọ̀mù ṣe kún orí káńtà ní Ahmadu Bello Way, tí wọ́n tún ń gbé e wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí kò ra ìpín nígbà náà dà bí ẹni tí kò gbọ́n.

Iye owó ń gun òkè lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín wa dé 66,371. Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé owó ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Lehman Brothers, wó lulẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ní owó níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ. Epo rọ̀bì tí a ti tà ju 140 dọ́là lọ ní oṣù Keje wálẹ̀ sí abẹ́ 40 dọ́là kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ọdún 2009 fi tán, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,800. Ohun tí a ń tà ní 100 náírà di nǹkan bí 31 náírà.

Ẹ má jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ilé ni iná ti kọ́kọ́ ràn. Àwọn báǹkì wa yá àwọn ènìyàn àti àwọn alágbàtà lówó láti fi ra ìpín, àwọn mìíràn tilẹ̀ yá wọn láti fi ra ìpín báǹkì náà gan-an. Owó báǹkì ló ń gbé iye ìpín báǹkì sókè. Nígbà tí iye náà já, ẹni tó yá owó kò rí i san, báǹkì tó yá a kò sì rí i gbà.

Èmi pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2007, mo kó owó ìfẹ̀yìntì mi, mo yá díẹ̀ kún un, mo sì ra ìpín báǹkì kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi tí mo fi ìwé ìṣirò jẹun fún ọdún 30, n kò wo ìwé ìṣirò báǹkì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aládùúgbò mi ti rí èrè. Mo ní kò yẹ kí èmi nìkan kù sẹ́yìn. Nígbà tí iye rẹ̀ já sí ìlàjì, mo ní, “Ọ̀pọ̀ rèé,” mo tún ra sí i. Ó tún já sí ìlàjì. Yàrá mẹ́ta tí mo fẹ́ fi owó náà kọ́ kún ilé mi, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní, koríko ti bò ó. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn dẹ́kun bíbi mí léèrè nípa ìpín ni. Ó dùn mí ju ìjà lọ.

ÌPÍN MÉJÌ, ÌTÀN MÉJÌ

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè Gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, yọ àwọn ọ̀gá àgbà báǹkì márùn-ún: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. Gbogbo owó tí àwọn márààrún yá ènìyàn jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù 2.8 náírà. Nínú 100 náírà tí wọ́n yá jáde, ó lé ní 40 náírà tí àwọn tó yá a kò san bó ti yẹ. Ní oṣù Kẹwàá, ó kan Bank PHB, Equatorial Trust àti Spring Bank. Bílíọ̀nù 620 náírà ni Báǹkì Àpapọ̀ kó sínú àwọn báǹkì tó wà nínú ìṣòro kí wọ́n má baà wó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ènìyàn méjì ní ìparí ọdún 2009. Àwọn méjèèjì wo ọjà, wọ́n rí i pé ìpín báǹkì gbogbo ti wálẹ̀. Ọ̀kan ra Afribank, èkejì ra GTBank tàbí Zenith. Lójú àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ ni wọ́n rà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì fi báǹkì tuntun mẹ́ta rọ́pò wọn. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó rẹ̀ gbà. Onípìn-ín kò rí kọ́bọ̀. GTBank àti Zenith ní tiwọn yege nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò sì dẹ́kun sísan èrè ìpín.

Àwọn kan wà láàárín méjì. Intercontinental bọ́ sọ́wọ́ Access, Oceanic bọ́ sọ́wọ́ Ecobank, FinBank bọ́ sọ́wọ́ FCMB. Àwọn onípìn-ín wọn rí nǹkan gbà, ṣùgbọ́n ó kéré. Wema tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìpín níbẹ̀, wọ́n ní owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n fún un ní àsìkò láti wá owó kún un. Ó sì yè é.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ kìíní rèé. Pé iye owó ti wálẹ̀ kò sọ fún wa bóyá ọ̀pọ̀ ni. Ti Afribank wálẹ̀, ti Zenith wálẹ̀. Àwọn ará ilé wa Hausa ní, “Araha ba ta ado”: ohun àràhá kì í ṣe ẹni lọ́ṣọ̀ọ́.

ILẸ̀ ẸBÀ ODÒ

Àwa ará Kabala Doki kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Odò Kaduna kò jìnnà sí wa. Nígbà tí omi bá kún wọ ilé àwọn ènìyàn, kí ni a máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀? Ilẹ̀ àti ilé yóò di títà ní ìdajì owó. Ẹni tó gbọ́n kì í bèèrè pé, “Èló ni wọ́n ń ta ilẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá?” Ohun tó ń bèèrè ni pé: Ibo ni omi dé lára ògiri? Bí mo bá fi ilé yìí gba owó-orí, èló ni yóò máa mú wá lọ́dọọdún? Èmi nìkan ni mo ni í, àbí àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀ wá bá mi pín in? Ilé tó wà lórí òkè pàápàá máa ń wálẹ̀ nígbà náà, nítorí ẹ̀rù ti ba gbogbo ènìyàn. Ẹni tó lọ wo àmì omi lára ògiri ló lè mọ ìyàtọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni a ó bi ìpín báǹkì.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: IBO NI OMI DÉ?

Báǹkì yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ẹ jẹ́ kí a ní báǹkì kan ní 100 náírà ní ìkáwọ́. Nínú 100 yìí, 90 lè jẹ́ owó tí èmi àti ẹ̀yin fi pamọ́ síbẹ̀. Náírà 10 péré ni ti àwọn onípìn-ín. Bí náírà 5 nínú owó tí báǹkì yá jáde bá run, ti olówó ìpamọ́ kò dín, ṣùgbọ́n ìdajì owó onípìn-ín ti lọ. Bí náírà 12 bá run, onípìn-ín kò ní nǹkan kan mọ́, owó wa tí a fi pamọ́ sì ti ń jò. Ìdí nìyí tí gbèsè búburú díẹ̀ fi lè pa onípìn-ín báǹkì.

Nísinsìnyí, ká ní ìwé ìṣirò sọ pé ìpín kan tọ́ sí 10 náírà, wọ́n sì ń tà á ní 4 náírà lọ́jà. Ṣé ọ̀pọ̀ ni? Ó kù sí ọwọ́ gbèsè. Bí gbèsè tí kò ní padà bá jẹ́ náírà 1 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù jẹ́ 9. 4 náírà jẹ́ ọ̀pọ̀ nígbà náà. Bí gbèsè náà bá jẹ́ náírà 7, 3 náírà ló kù. Ẹni tó san 4 ti ra ọ̀wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ń fi 10 tàn án.

Nítorí náà, kí a wá ojú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè tí a kò san sí nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún. Kí a wo iye rẹ̀ nínú 100, kí a wo iye tí báǹkì ti yà sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀, kí a sì fi wé ti ọdún méjì sẹ́yìn. Kí a tún mọ̀ pé ìwé lè má sọ tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì tí wọ́n ti gbà láàyè láti má tí ì ka àwọn gbèsè kan sí búburú dáwọ́ sísan èrè ìpín dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èyí mọ̀ pé omi ti dé ibì kan tí wọn kò tí ì fi àmì sí lára ògiri.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: KÍ NI YÓÒ MÁA MÚ WÁ?

Ìpín kò sàn ju èrè tó ń mú wá lọ. Ṣùgbọ́n èrè ọdún kan lè tan ènìyàn jẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà jábọ́ lójú dọ́là. Àwọn báǹkì tó ní dọ́là lọ́wọ́ rí i pé nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó ti di púpọ̀, èrè wọn sì ga lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Báǹkì Àpapọ̀ kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi irú èrè bẹ́ẹ̀ san èrè ìpín. Ìyá alátè tó ní epo nínú ilé kí epo tó wọ́n rí èrè ńlá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá padà lọ ra òmíràn, iye tuntun ni yóò fi rà á. A kò lè fi èrè ọjọ́ yẹn díwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èyí, kí a fi èrè báǹkì wé ohun tí a lè rí láìsí wàhálà. Nígbà kan ní ọdún 2024, ìwé gbèsè ìjọba ọlọ́dún kan san ju 20 lọ nínú 100. Ìpín wa tó tọ́ sí 9 náírà ńkọ́, bí ó bá ń pa 1 náírà 80 kọ́bọ̀ lọ́dún? 20 nínú 100 náà nìyẹn. Kí ni èmi yóò wá san 9 náírà fún, tí n ó sì gbé ewu kún un, nígbà tí ìjọba ń fún mi ní iye kan náà? Bí wọ́n bá tà á fún mi ní 6 náírà, èrè náà di 30 nínú 100. Ẹ̀san wà fún ewu mi. Nítorí náà, pé ìpín ń ta ní iye tó kéré sí ti inú ìwé kò túmọ̀ sí pé ọjà ti ya wèrè. Nígbà mìíràn, iye tó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: ÈÈYÀN MÉLÒÓ NI A Ó JỌ PÍN ÍN?

Lẹ́yìn ìjì, báǹkì tó farapa máa ń wá owó tuntun. Ẹ jẹ́ kí a mú báǹkì kékeré kan tó ní ìpín 100, tí ìpín kọ̀ọ̀kan tọ́ sí 3 náírà lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300 náírà. Òfin wá ní kí owó rẹ̀ pé 1,000. Ó ku 700. Nítorí pé ẹ̀rù ń ba ènìyàn, 2 náírà ni wọ́n lè ta ìpín tuntun. Wọ́n ní láti ta 350. Owó pé 1,000, ṣùgbọ́n ìpín ti di 450. Ìpín tó tọ́ sí 3 náírà ti di 2 náírà 22 kọ́bọ̀. Àwọn tó ni gbogbo ilé tẹ́lẹ̀ kò ní ju ìdá kan lé díẹ̀ nínú márùn-ún mọ́. Báǹkì yè, inú gbogbo ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n onípìn-ín àtijọ́ ló san owó oògùn.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè: bílíọ̀nù 500 náírà fún báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, bílíọ̀nù 50 fún ti ẹkùn. Wọ́n fún wọn ní àkókò di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. Wọ́n sì ní èrè tí báǹkì ti tọ́jú pamọ́ kò sí nínú ìṣirò náà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ báǹkì fi ta ìpín tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ra, kí ó ka iye ìpín tó wà lẹ́yìn títà, kí ó má ka ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìgbà Sanusi ti dópin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, báǹkì 26 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Skye Bank lọ. Polaris ló jókòó sí ipò rẹ̀. Olówó ìpamọ́ kò pàdánù, onípìn-ín pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Heritage Bank lọ. Àjọ NDIC bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìpamọ́ fún olúkúlùkù, ó pẹ́ ni, ó yá ni, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà. Kò sí irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ fún ìpín.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ̀RÙ Ń BÀ

Mo tún fẹ́ bá àwọn tó ní tẹ́tẹ́ ni sọ̀rọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a máa sá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lẹ́yìn ọdún 2009, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìpín mọ́. Ọmọ mi obìnrin mú ìwé ìṣirò báǹkì kan wá fún mi ní ọdún 2010, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wò ó.” Gbèsè búburú kéré, èrè ń wọlé, wọn kò sì nílò owó tuntun. N kò tilẹ̀ ṣí i dé ìdajì tí mo fi ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Ó ra díẹ̀ láìsọ fún mi. Èrè ìpín náà wà lára ohun tó fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 2008, n kò ka ìwé nítorí ojúkòkòrò; lọ́dún 2010, n kò kà á nítorí ìbẹ̀rù. Ọ̀nà méjèèjì ni mo gbà pàdánù.

OWÓ GBỌ̀NGÀN WA ŃKỌ́?

Ẹ ó máa retí pé kí n dá ẹjọ́ náà. Èrò tèmi rèé, ìgbìmọ̀ ló ni àṣẹ.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní owó tí kò ní nílò fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ra ìpín báǹkì, bí ó bá ti bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, tí ìdáhùn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ó má yá owó rà á. Kí ó má kó gbogbo rẹ̀ sínú báǹkì kan. Kí ó sì ra èyí tó kéré sí iye tó kù lẹ́yìn gbèsè búburú dáadáa, kí àṣìṣe lè rí àyè.

Ṣùgbọ́n owó gbọ̀ngàn yìí yàtọ̀. A mọ ọjọ́ tí a ó nílò rẹ̀. Birikìlà kò ní dúró de ìgbà tí ọjà ìpín bá gbéra. Ìpín tó jẹ́ ọ̀pọ̀ lóòótọ́ lè wà ní ọ̀pọ̀ fún ọdún mẹ́ta kí àwọn ènìyàn tó rí i. Bí a bá fi tipátipá tà á láàárín ìgbà náà, a ó sọ ohun rere di àdánù pẹ̀lú ọwọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ lásán kí ọ̀wọ́ngógó jẹ ẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi apá kan ra irin àti òkúta ní kíákíá, kí a fi apá kejì pamọ́ síbi tí a ti lè rí i gbà lọ́jọ́ tí a bá fẹ́. Nítorí àwọn ará wa Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí èlé wọ inú ilé tí wọn yóò máa jókòó sí, kí a lo báǹkì tí kì í gba èlé tí kì í san án. Owó àwọn ìyá wa tó ń ta ata ní oòrùn wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi í dán ọgbọ́n ara rẹ̀ wò.

Àwọn baba wa ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé iye tí a dá lé nǹkan àti iye tí nǹkan tọ́ sí lè ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí a ó fi mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Kí ó jẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí dìde, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ má di ibi tí koríko ń hù sí bíi tèmi. Kí àlàáfíà jọba láàárín àwa àti àwọn tó gbà wá lálejò ní ìlú Kaduna.

 Ẹ jẹ́ kí a ná owó náà o!